ÀRÙN INFULÚẸ́ŃSÀ: BÍ Ó ṢE Ń TI ARA ẸNÌKAN BỌ́ SÍ ARA ẸLÒMÍRÀN



  

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí àrùn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa fojú kéré. Bí ẹnìkan bá ń sín, tí ó ń wúkọ́, tí gbogbo ara ń ro ó, a ó ní, "Ọ̀fìnkìn lásán ni." A ó jọ gbéra lọ sí àsálátù, a ó jọ bọ ara wa lọ́wọ́, a ó jọ há ara wa mọ́ inú bọ́ọ̀sì kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ ti wà lórí ibùsùn, ìyá àgbà tí ó wà nílé tí kò tilẹ̀ bá wa lọ síbì kankan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Bí a bá sì sọ fún ẹni tí ó kọ́kọ́ ń ṣàìsàn pé kí ó jókòó sílé, ó lè dá wa lóhùn pé Ìsìláàmù kò gbà pé àrùn ń ràn, àti pé ohun tí Ọlọ́hun bá kọ mọ́ni ni yóò ṣẹlẹ̀ síni. Èsì yìí lágbára létí, nítorí náà a kò ní fò ó dá. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àrùn náà fúnra rẹ̀.

KÌ Í ṢE Ọ̀FÌNKÌN LÁSÁN

Ọ̀fìnkìn a máa rọra dé. Imú á kọ́kọ́ dí, omi á máa yọ nímú, ọ̀nà ọ̀fun á máa honi, ṣùgbọ́n èèyàn á ṣì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Infulúẹ́ńsà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jáde nílé láàárọ̀ pẹ̀lú àlàáfíà lè máa gbọ̀n kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ara á gbóná, orí á máa fọ́ni, ẹ̀yìn àti oríkèé á máa roni bí ẹni tí wọ́n lù, ikọ́ gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ kò sì ní wuni í jẹ. Ibà náà lè lọ láàárín bíi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ikọ́ àti àárẹ̀ ṣì kù lára fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ìṣòro tiwa níhìn-ín ni pé ó jọ ibà ẹ̀fọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo oògùn ibà sí infulúẹ́ńsà, ọjọ́ á gorí ọjọ́, ara á yá fúnra rẹ̀, wọn á sì máa yin oògùn. Òdìkejì rẹ̀ ni ó burú jù: kí ibà ẹ̀fọn gan-an wà lára ọmọ, kí á sì máa pè é ní ọ̀fìnkìn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò là á.

Ohun tí ń fa infulúẹ́ńsà ni kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ó kéré débi pé ẹ̀rọ awòye tí wọ́n fi ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè fi í hàn. Inú ara ẹlẹ́mìí nìkan ni ó ti lè pọ̀ sí i, ọ̀nà tí èémí ń gbà, láti imú dé ẹ̀dọ̀fóró, ni ó sì ń fi ṣe ibùgbé. Oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní A àti èyí tí wọ́n ń pè ní B ni ó ń jà káàkiri ayé lọ́dọọdún. Nítorí pé fáírọ́ọ̀sì ni, kápúsù ampisilíìnì tàbí tẹtirasaikilíìnì tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn oníkiri inú mọ́tò kò lè pa á. Owó àpò wa nìkan ni ó ń pa.

Kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n rí kòkòrò yìí mú jáde lára ènìyàn. Ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ìlú London, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, bu omi tí aláìsàn fi fọ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n kán an sí imú ẹranko kékeré kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ferret. Ẹranko náà ṣàìsàn, ó ń sín, ara rẹ̀ sì gbóná bíi ti ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀kan nínú àwọn ẹranko tí ń ṣàìsàn wọ̀nyí sín sí ojú dókítà ọ̀dọ́ kan, Charles Stuart-Harris, ẹni tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí infulúẹ́ńsà fi mú òun náà. Ọdún 1936 ni wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde. Èémí imú ẹranko kan ṣoṣo ló fi hàn kedere bí àrùn náà ṣe ń rìn.

Ọ̀NÀ TÍ Ó Ń GBÀ

Nígbà tí aláìsàn bá wúkọ́ tàbí tí ó bá sín, omi tín-tìn-tín tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ ń fò jáde lẹ́nu àti nímú rẹ̀. Kódà bí ó bá ń sọ̀rọ̀ sókè tàbí tí ó ń ké Àlùkùránì, díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ ń jáde. Èyí tí ó tóbi nínú rẹ̀ kì í lọ jìnnà. Láàárín bíi mítà kan sí méjì ni yóò ti jábọ́ sílẹ̀, àyàfi bí ojú, imú tàbí ẹnu ẹlòmíràn bá wà lójú ọ̀nà. Nítorí náà ẹni tí ó jókòó sún mọ́ aláìsàn jù lọ ni ó wà nínú ewu jù lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré gan-an kì í tètè balẹ̀. Yóò máa fò nínú afẹ́fẹ́ bí èéfín tùràrí tí a sun nínú yàrá, tí ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí fèrèsé bá ṣí, atẹ́gùn á gbé e lọ. Bí a bá ti ilé pa, á máa pọ̀ sí i ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Alaska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1977. Bàálù kan tí ènìyàn 54 wà nínú rẹ̀ fẹ́ gbéra, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan sì kọṣẹ́. Bíi wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi dúró sórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò jókòó sínú bàálù náà ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀rọ tí ń pààrọ̀ atẹ́gùn inú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí infulúẹ́ńsà ti mú, tí ó ń wúkọ́. Kí wákàtí 72 tó pé, èrò 72 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń ṣàìsàn. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ rí i pé bí ènìyàn bá ṣe pẹ́ tó nínú bàálù náà ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Aláìsàn kan péré ni o! Kò sì dájú pé ó bá ènìyàn márùn-ún sọ̀rọ̀ nínú wọn. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n jọ ń mí ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹni tí ó bá ti wọ dánfó láti Ìbàdàn lọ sí Èkó nígbà òjò, tí gbogbo fèrèsé wà ní títì, kò nílò àlàyé kankan mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá tí à ń kó ọ̀dọ́ ogún sí nígbà ìpàgọ́ ẹgbẹ́, tí a ń ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Ẹ má sì rò pé fáànù ń tán ìṣòro náà. Afẹ́fẹ́ kan náà ni fáànù ń yí ká nínú ilé tí a tì pa. Ojú fèrèsé ni ìtura wà.

Ọ̀nà kẹta ni ọwọ́. Aláìsàn fi àtẹ́lẹwọ́ nu imú, ó bọ arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ tàbí ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú; arákùnrin náà fi ọwọ́ yẹn ra ojú tàbí ó fi kan imú, ó tán. Kòkòrò náà lè wà láàyè lórí ike àti irin fún odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lórí aṣọ àti ìwé kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó dára púpọ̀ pé ọ̀rá ni ó bo ara rẹ̀, ọṣẹ sì máa ń tú ọ̀rá. Ọṣẹ lásán tí a fi ń fọ abọ́ tó láti pa á.

Níbí ni mo fẹ́ kí á ti sọ òtítọ́ fún ara wa nípa àlùwàlá. Àwọn oníwàásù kan ń sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, infulúẹ́ńsà kò lè mú un. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí dà? Ìjọsìn ni àlùwàlá, ìmọ́tótó sì wà nínú rẹ̀, ọwọ́ tí a fọ̀ sì sàn ju èyí tí a kò fọ̀. Ṣùgbọ́n omi nìkan kò ṣe iṣẹ́ ọṣẹ, afẹ́fẹ́ sì ń wọ imú lẹ́yìn àlùwàlá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wọ̀ ọ́ ṣáájú. Bí gbogbo ìjọ bá sì ń fi táwẹ̀lì kan ṣoṣo tí wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí nu ojú, ìmọ́tótó yẹn ti bàjẹ́.

Ohun kan wà tí ó mú kí àrùn yìí ṣòro í dí lọ́nà. Láti ìgbà tí kòkòrò bá wọ ara dé ìgbà tí àìsàn yóò hàn, ọjọ́ kan sí mẹ́rin ni, ọjọ́ méjì ni ó wọ́pọ̀. Ó sì lè ràn láti bíi ọjọ́ kan kí ara ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, títí dé ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ràn án jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le lè ti máa pín in. Ìdí nìyí tí fèrèsé ṣíṣí àti ọwọ́ fífọ̀ fi gbọ́dọ̀ di àṣà, kí á má dúró de ìgbà tí ikọ́ bá gbòde.

LÙKÚLÙKÚ

Ìtàn àrùn yìí nílẹ̀ wa kò kéré. Ní ọjọ́ 14 oṣù September ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ S.S. Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, èyí tí à ń pè ní Ghana lónìí. Àrùn ti wà láàárín àwọn èrò inú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti wọ ìgboro. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé láti wá aláìsàn, ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn sì sá kúrò ní Èkó. Àwọn tí ó sá ni wọ́n gbé e lọ. Ó bá ọkọ̀ ojú irin gòkè, ó bá ọkọ̀ ojú omi wọ ìlú etí odò, ó bá àwọn oníṣòwò dé ọjà abúlé. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà súnmọ́ 500,000, nígbà tí gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kò ju bíi mílíọ̀nù 18 lọ. Ní gbogbo ayé, ìṣirò tí wọ́n ń dárúkọ jù ni mílíọ̀nù 50.

Àwọn àgbà pè é ní lùkúlùkú, orúkọ àrùn tí ń pa adìẹ, nítorí bí ènìyàn ṣe ń ṣubú léra wọn. Àrùn adìẹ yẹn ní kòkòrò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí àwọn ẹyẹ ni orísun infulúẹ́ńsà oríṣi A. Ní February 2006, oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn nílẹ̀ Áfíríkà. Ní January 2007 ó pa obìnrin kan ní Èkó. Èyí kì í tètè ràn láti ara ènìyàn sí ènìyàn, síbẹ̀ adìẹ tí ó ṣàdédé kú kì í ṣe ohun tí a ń tú ìyẹ́ rẹ̀, kí á má tilẹ̀ tíì sọ pé òkú ẹran ni, tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún mùsùlùmí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ fi sọ́kàn nínú ìtàn 1918 ni èyí: kì í ṣe arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ni ó kú. Àwọn géńdé láàárín ọmọ ogún ọdún sí ogójì ni ó pọ̀ lọ́nà tí ó ya àwọn dókítà lẹ́nu. Ní ọ̀pọ̀ ọdún mìíràn, àgbàlagbà, ọmọdé, aboyún, àti ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí àrùn ọkàn ni ó ń pa jù. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbé e wọlé bá wọn? Àwa tí à ń jáde ni.

ṢÉ ÌSÌLÁÀMÙ SỌ PÉ ÀRÙN KÌ Í RÀN?

Òótọ́ ni pé hádíìsì kan wà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ pé kò sí àkóràn. Lárúbáwá oko kan bi í léèrè nípa ràkúnmí eléèyí tí ó wọ àárín àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá tí gbogbo wọn fi yí èyí, Ànábì sì bi í padà pé ta ni ó ran ti àkọ́kọ́. Ibí yìí ni àwọn kan ti ń pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ Abū Hurayrah kan náà ni a ti gbọ́ pé Ànábì kọ̀ fún ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn láti kó o wá bá ti ẹni tí ara tirẹ̀ dá. Ó tún pàṣẹ pé kí á sá fún adẹ́tẹ̀ bí a ṣe ń sá fún kìnnìún. Ẹni kan náà ni ó sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn àlùfáà ńlá bíi Imām Nawawī ṣàlàyé rẹ̀ pé ìgbàgbọ́ àwọn ará àìmọ̀kan ni Ànábì ń fọ́, àwọn tí ó rò pé àrùn lágbára fúnra rẹ̀ láìsí Ọlọ́hun níbẹ̀. Kò sọ pé kí á má ṣọ́ra fún okùnfà tí Ọlọ́hun dá sílẹ̀. Iná kì í jóni láìsí ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń ki ọwọ́ bọ iná láti fi dán kádàrá wò.

Ẹ wo ohun tí Saidina Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ṣe. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, àwọn olórí ogun sì wá sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó bá àwọn Muhājirūn gbìmọ̀, ó bá àwọn Ansār gbìmọ̀, ẹnu wọn kò kò. Ó pe àwọn àgbà Kuraiṣi, gbogbo wọn ní kí ó padà. Ó pàṣẹ ìpadàbọ̀. Abū ʿUbaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Umar gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sá láti inú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó wá fi ẹni tí ó kó ràkúnmí lọ sí àfonífojì ṣe àpèjúwe: ẹ̀gbẹ́ kan ní koríko, èkejì gbẹ, èyí tí ó bá fi wọ́n jẹ̀ nínú méjèèjì, kádàrá Ọlọ́hun náà ni. Lẹ́yìn èyí ni ʿAbd al-Rahmān ọmọ ʿAwf dé, tí ó mú hádíìsì wá pé kí á má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ bá wà, kí ẹni tí ó bá sì bá nínú rẹ̀ má sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Àrùn tiwọn kì í ṣe infulúẹ́ńsà, ṣùgbọ́n ẹ fi apá kejì hádíìsì yẹn wé àwọn tí ó sá kúrò ní Èkó ní 1918.

Onímọ̀ mùsùlùmí kan náà tún wà, Lisān al-Dīn Ibn al-Khatīb, ará Granada ní Andalus, tí ó kú ní ọdún 1374. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ńlá wọ ìlú wọn, ó kọ̀wé pé ìrírí àti ohun tí ojú rí fi hàn pé àrùn ń ràn, nípa aṣọ, nípa ohun èlò, àti nípa ọkọ̀ ojú omi tí ó bá ti ìlú aláìsàn gúnlẹ̀ sí èbúté ìlú tí ara wọn dá.

NÍ MỌ́SÁLÁSÍ ÀTI NÍ ÌPÀGỌ́

Súná wà fún sísín pàápàá. A gbà á wá nínú Abū Dāwūd àti Tirmidhī pé bí Ànábì bá fẹ́ sín, yóò fi ọwọ́ tàbí aṣọ bo ojú rẹ̀, yóò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí "al-hamdu lillāh" tí à ń wí lẹ́yìn rẹ̀, a sì gbàgbé aṣọ. Bí áńkáṣíìfù kò bá sí, kí á sín sí ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣe sí àtẹ́lẹwọ́ tí a ó fi bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹni tí ibà àti ikọ́ bá mú kò gbọdọ̀ wá sí Jímọ́ọ̀ wá fi ara ni ìjọ lára. Àìsàn jẹ́ àwáwí lábẹ́ òfin ẹ̀sìn. Ṣuhúrì ni yóò kí nílé. Ànábì tí ó ní kí ẹni tí ó jẹ aáyù tútù má súnmọ́ mọ́sálásí nítorí òórùn ẹnu lásán, kí ni ẹ rò pé yóò sọ nípa ikọ́ tí ó lè pa àgbàlagbà inú sàfú? Kí Lèmọ́mù pẹ̀lú má tijú láti fa ẹlòmíràn síwájú. Ànábì fúnra rẹ̀, nígbà tí àìsàn mú un, Abū Bakr ni ó ní kí ó ṣíwájú.

Àwọn kan bèèrè nípa bíbo imú àti ẹnu lórí ìrun, nítorí hádíìsì tí ó kọ̀ ọ́. Àwọn àlùfáà gbà pé bí ìdí gúnmọ́ bá wà, ìkórira rẹ̀ ká kúrò. Lórí èyí ni wọ́n dúró nígbà Kòrónà ní ọdún 2020, tí ọ̀pọ̀ mọ́sálásí fi kírun pẹ̀lú ìbòmú.

Ní ìpàgọ́, kí ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún aláìsàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi ọṣẹ síbi àlùwàlá, kí ẹ na nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé kí ó lè wà ní ṣíṣí lóru. Aláìsàn kò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù bí a bá lè rí ọ̀nà mìíràn. Wákàtí mẹ́ta inú mọ́tò kò yàtọ̀ sí ti bàálù Alaska.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára infulúẹ́ńsà wà, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe nítorí kòkòrò náà ń pààrọ̀ àwọ̀. Wọ́n ń gba àwọn tí ń lọ sí Hájì níyànjú láti gbà á. Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ fẹ́ lọ kí ó bèèrè rẹ̀ ní ọsibítù kí ọjọ́ ìrìn tó súnmọ́.

Ẹni tí ó bá mú nílé, ìsinmi, omi púpọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti parasẹtamọ́ọ̀lù ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí Ràmàdáánì bá bá a, kí ó ṣínu, yóò san án padà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá bí kò bá lè mí dáadáa, bí àyà bá ń dùn ún, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí bí ara bá ti ń yá tí ibà sì tún padà dé pẹ̀lú ikọ́ líle, nítorí òtútù àyà ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e báyìí. Fún ọmọdé, ẹ má lo ásípíríìnì rárá, ó lè ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ nígbà tí infulúẹ́ńsà bá wà lára rẹ̀; parasẹtamọ́ọ̀lù ni kí ẹ fún un, ní ìwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.